Tuntun Nínú Páálí Kọ́ Ni Ẹ̀rọ: Ẹ Yéé Tan Àwọn Àbúrò Wa

Gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ tuntun bá ti ń wọlé ni ìbéèrè kan náà máa ń jáde lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́, láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà?" Gbogbo ìgbà náà sì ni ìdáhùn kan náà máa ń tẹ̀ lé e: "Sáà ti ra tuntun. Má ra tòkunbọ̀, ìṣòro oníṣòro lo máa fowó rà." Ìdáhùn yẹn la wá bá jà lónìí. A ní kò tọ̀nà, ó sì ń ná àwọn òbí wa lówó.

A ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí kò lè ra èyí tó wọ́n jù, tí kò sì fẹ́ ra pàǹtí, kó má fi owó náà ra láptọ́ọ̀pù tuntun tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Celeron, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB, tí ibi tó ń kó fáìlì sí sì jẹ́ eMMC 64GB. Kó fi ra tòkunbọ̀ tí iléeṣẹ́ ńlá ti lò rí: Lenovo ThinkPad T480, HP EliteBook 840 G5, tàbí Dell Latitude 7490. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, T480 la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa tí a jọ ń kọ̀wé síbí, a sì mọ ìwà rẹ̀ tinú tòde.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára tó bẹ́ẹ̀? Owó ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì pé 500 náírà lọ́jà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500 náírà. Kò sì sí láptọ́ọ̀pù kankan tí wọ́n ń ṣe ọpọlọ rẹ̀ ní Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́. Dọ́là ni gbogbo wọn fi ń wọlé. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági ní láti ta aṣọ púpọ̀ kó tó rí owó láptọ́ọ̀pù kan. Owó ìtọ́jú tí NELFUND ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó yáwó lọ́wọ́ wọn jẹ́ 20,000 náírà lóṣù. Ẹni tó bá tọ́jú gbogbo rẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, tí kò fi jẹun, tí kò fi wọkọ̀, 200,000 péré ni yóò ní lọ́wọ́. Irú owó báyìí kì í ṣe èyí tí à ń fi dán ọjà wò. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀pọ̀ wa máa rí i ná ní gbogbo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a máa lò nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá gbà wá nímọ̀ràn tí kò dára lórí rẹ̀, ó ti fi iṣẹ́ wa ṣeré.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ PÁÁLÍ YẸN GAN-AN?

Ẹ jẹ́ ká tú páálí náà wò. Òótọ́ ni pé ó ń dán. Ó fúyẹ́. Ọ̀rá ṣì wà lójú síkíríìnì rẹ̀, ìwé wàrántì sì wà lábẹ́ ṣájà. Ìyá máa rí i, inú rẹ̀ á dùn pé òun ra ohun gidi fún ọmọ òun. Àwa náà ò bínú sí ìdùnnú ìyá. Àmọ́ ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?

Celeron N4020 lẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ lára wọn. Ọdún 2019 ni Intel gbé e jáde. Core méjì péré ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, páálí ló tuntun, ọpọlọ kì í ṣe tuntun. Nígbà tó jáde pàápàá, àwọn ẹ̀rọ tó kéré jù lọ lówó ni wọ́n ṣe é fún. Nínú T480, ọpọlọ tó wọ́pọ̀ ni Core i5-8250U tàbí i5-8350U. Core mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè mú iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ mẹ́jọ nìyẹn lápapọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ core ò bá yé, kó rántí òde ìnáwó. Tó bá jẹ́ alásè méjì ló wà nídìí ààrò, tí àlejò ṣì jẹ́ ogún, wọ́n á ṣe é. Kí àlejò di igba, ẹ máa rí i pé ìrẹsì ń jóná, ẹran ò tíì rọ̀, àwọn tó wà níjokòó sì ti ń pariwo. Alásè mẹ́rin tí ọwọ́ wọn yá ò ní jẹ́ kí ìtìjú dé bá olóde. Chrome tó ṣí ojúewé méjìlá, Zoom tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, Word tí ẹ ń kọ iṣẹ́ sí, PDF olójúewé 400 tí ẹ ń kà: àlejò igba nìyẹn. Alásè méjì ò lè ká a.

RAM ni ìkejì. RAM dà bí àtẹ oníṣòwò, ibi ìkófáìlìsí sì dà bí yàrá tó ń kó ọjà pamọ́ sí. Tí àtẹ bá tóbi, ohun tí oníbàárà bá béèrè ti wà níwájú. Tí àtẹ bá kéré, gbogbo ìgbà ni oníṣòwò yóò máa dìde wọ inú yàrá lọ, oníbàárà á sì máa dúró. Àtẹ 4GB kéré. Windows 11 fúnra rẹ̀ á ti gba apá tó pọ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Nígbà tí àtẹ bá kún, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sínú eMMC tó sì lọ́ra ju SSD lọ. Ohun tó ń fa èyí tí ẹ máa ń rí nìyẹn, tí ẹ máa tẹ nǹkan, tí òbìrí kékeré á máa yí lójú síkíríìnì, tí ẹ ó fi lọ pọn omi dé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nínú ìwé tí Microsoft fi sọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní kó tó lè gba Windows 11, RAM 4GB àti àyè 64GB ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dín sí i. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ dín sí ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n wá kó o sínú páálí, tí wọ́n sì ń tà á fún yín bí ẹni pé ó pé. Bí Windows bá ti wọ inú 64GB náà tán, tí Word àtàwọn yòókù wọ̀ ọ́, díẹ̀ ló kù fún iṣẹ́ yín. Tí àtúnṣe ńlá látọ̀dọ̀ Microsoft bá wá dé, ẹ ó máa pa fáìlì rẹ́ kí àyè lè gbà á.

Èyí tó burú jù ni pé kò ṣeé tún ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, wọ́n ti fi òjé lẹ RAM àti eMMC mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ ò lè yọ ọ́, ẹ ò lè fi kún un. Bí ẹ ṣe rà á ní ọdún àkọ́kọ́ náà lẹ máa bá a ní ọdún ìkẹyìn, nígbà tí pírójẹ́ẹ̀tì bá ń jó yín lẹ́sẹ̀.

KÍ NI T480 NÍ TÁ A FI Ń PARIWO RẸ̀?

Oṣù kìíní ọdún 2018 ni Lenovo kéde T480. Àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe fún àwọn tó ń wá ohun olówó pọ́ọ́kú. Ní òkè òkun, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló máa ń pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù àwọn òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kódà bí kò bá tíì bà jẹ́. Wọ́n á tà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà fún àwọn alágbàtà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì gba orí òkun dé Computer Village ní Ìkẹjà, kó tó tàn dé Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìlọrin. Ìdí tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ nìyẹn. Iléeṣẹ́ ló fẹ́ òmíràn; kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ti kú.

Ẹ wá wo inú rẹ̀. Ojú ihò méjì ló wà fún RAM, Lenovo sì sọ pé ó lè gbà tó 32GB. Ẹ lè rà á pẹ̀lú 8GB lónìí, kí ẹ fi 8GB míì kún un lọ́dún tó ń bọ̀ tí owó bá dé. SSD rẹ̀ ṣeé yọ, ṣeé pààrọ̀. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Sùkúrú tí ẹnjiníà èyíkéyìí máa ń lò ló fi ń ṣí. Lenovo fúnra rẹ̀ gbé ìwé àtúnṣe rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tú u láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ihò HDMI wà lára rẹ̀, èyí tí ẹ lè so mọ́ projector lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbèjà pírójẹ́ẹ̀tì yín láìwá ohun tí ẹ máa yá kiri. Ihò okùn íntánẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí yíya àwòrán ilé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. AutoCAD ti àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ń béèrè RAM tí kò dín ní 8GB. Ẹ̀rọ oní-4GB tí kò ṣeé fi kún ti já kúrò níbẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Kí wá ni àǹfààní "tuntun" fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò lè ṣí iṣẹ́ tó wá kọ́?

Ọ̀RỌ̀ INÁ

Kò sẹ́ni tó ń gbé hostel tí kò mọ ohun tí àwọn tó ń pín iná ń fojú wa rí. Níbí ni T480 ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bátìrì méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú, 24Wh ni. Èkejì wà ní òde, ó sì ń yọ: ti 24Wh wà, ti 48Wh wà, ti 72Wh náà wà. Tí èyí tó wà ní òde bá tán, ẹ lè yọ ọ́, kí ẹ ki òmíràn tó ti kún bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ò sì ní kú, torí pé èyí tó wà nínú á dì í mú. Ẹni tó bá ní bátìrì òde méjì lè gba ẹ̀kan ní ṣájà ní ibi tí iná wà, kó fi èkejì kàwé.

Ó tún ń gba iná láti ihò USB-C. Ṣájà rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, páwà-báǹkì tó bá sì lágbára tó láti gbé láptọ́ọ̀pù náà lè fún un níná.

A kì í purọ́ mọ́ ohun tí à ń bá jà. Celeron náà kì í jẹ iná púpọ̀: wátì 6 ni Intel kọ fún N4020, 15 ni wọ́n kọ fún i5 yìí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka PDF lọ lè rí i pé ẹ̀rọ kékeré náà ń pẹ́ lórí bátìrì. A gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kan bá jẹ iná díẹ̀, tó wá fi wákàtí mẹ́ta ṣe iṣẹ́ tí òmíràn ṣe ní wákàtí kan, èwo ni ẹ jèrè?

ÀWỌN ONÍ-"i7 NI, i7 NI"

A ò ní dá àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ sí náà, nítorí ẹ̀tàn wà níhà tiwọn. Wọ́n á gbé láptọ́ọ̀pù kan jáde, wọ́n á ní "Ọ̀gá mi, i7 lèyí o, ó ju i5 lọ!" Akẹ́kọ̀ọ́ á sanwó, inú rẹ̀ á dùn, àṣé i7-6600U ni. Core méjì péré ló ní. i5-8250U tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ní mẹ́rin. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà níwájú kò tó. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ 6 tàbí 7 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìran kẹfà tàbí ìkeje ni. Tó bá jẹ́ 8, ìran kẹjọ ni.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì rèé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró lórí Windows 10. Windows 11 ló kù, láti ìran kẹjọ Intel lọ sókè ni wọ́n sì fọwọ́ sí fún un, yàtọ̀ sí díẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, EliteBook 840 G3 tó kún ọjà, tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ìran kẹfà, àti T470 tí tirẹ̀ kò kọjá ìran keje, ti wà lẹ́yìn odi. Wọ́n lè fi ọgbọ́n kan ki Windows 11 bọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, kó sì ṣiṣẹ́ lójú yín, ṣùgbọ́n Microsoft ò ṣèlérí àtúnṣe fún un. Ẹni tó bá mọ Linux lò lè rà á pẹ̀lú owó tó kéré gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò, kó má jẹ́ kí wọ́n tà á fún òun ní iye owó ìran kẹjọ.

OHUN TÍ WỌ́N FI Ń TA KÒ WÁ

Wọ́n ní: "Tuntun ní wàrántì." Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáa kí wàrántì wà. Àmọ́ ohun tó bà jẹ́ ni wàrántì ń tún ṣe. Kò lè tún ohun tí wọ́n dìídì ṣe ní kékeré ṣe. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ fún wọn, kí ẹ ní ó ń lọ́ra. Wọ́n á sọ fún yín pé bó ṣe yẹ kó rí ló rí, òótọ́ ni wọ́n sì máa sọ.

Wọ́n ní: "Akẹ́kọ̀ọ́ ò ṣe ju kó tẹ iṣẹ́ lọ." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ń lo Python. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ àwùjọ ń lo SPSS. Ẹni tó ń kọ́ ìròyìn ń gé fídíò. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi láptọ́ọ̀pù wá owó oúnjẹ: à ń ya àwòrán, à ń kọ̀wé fún àwọn èèyàn, à ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù. Ẹni tó ní titẹ iṣẹ́ nìkan ló kù fún wa, kí ó wá sanwó oúnjẹ wa.

Wọ́n ní: "Pàǹtí òyìnbó ni tòkunbọ̀." Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wọn ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ń da pàǹtí ẹ̀rọ sí wa lórí, ẹni tó bá ti dé ẹ̀yìn ọjà Alábà rí á mọ̀. Láptọ́ọ̀pù tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, tí bátìrì rẹ̀ ti wú, tí Windows ò gbà mọ́, pàǹtí ni, àwa náà ò sì ní kí ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ṣeé fi RAM kún, tí ẹ ó jù nù lẹ́yìn ọdún méjì nítorí pé àyè rẹ̀ ti kún, pàǹtí lòun náà. Inú páálí ló kàn wà.

Wọ́n tún ní: "T480 ní àléébù." Ó ní in, a ó sì ka wọn síta. Àwọn kan nínú rẹ̀ ní síkíríìnì 1366 × 768 tí àwọ̀ rẹ̀ ò dáa, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ojú ẹni á ti dúdú níbẹ̀. 1920 × 1080 ni kí ẹ béèrè. Èyí tó dáa pàápàá kì í mọ́lẹ̀ tó nínú oòrùn. Ìró rẹ̀ ò dùn. Kámẹ́rà rẹ̀ kò ju 720p lọ. Ó wúwo tó kílò 1.6, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ tí bátìrì ńlá bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ihò Thunderbolt rẹ̀ lè kú tí wọn ò bá fi àtúnṣe tí Lenovo gbé jáde sí i, nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe tí ẹ bá délé ni kí ẹ fi àtúnṣe náà sí i. Kò sí èyí tó ń dá iṣẹ́ dúró nínú gbogbo wọn.

A sì ní láti sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa ní a kórìíra tuntun: tí owó yín bá ká láptọ́ọ̀pù tuntun tó ní Core i3-1215U, RAM 8GB àti SSD gidi, ẹ rà á. Ọpọlọ yẹn yára ju ti T480 lọ, wàrántì sì tún wà níbẹ̀. A ò bá irú tuntun yẹn jà. Tuntun tí kò ní nǹkan nínú là ń bá jà.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Tòkunbọ̀ ń fẹ́ ojú. Ẹ má sanwó lórí fọ́tò. Ẹ lọ, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání, kí ẹ sì ṣe nǹkan wọ̀nyí níwájú ẹni tó ń tà á:

1. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo orúkọ ọpọlọ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má gba ohun tí sítíkà sọ, torí sítíkà ṣeé rà.

2. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport sí i. Ó máa kọ ìwé kan tó ní iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, àti iye tó ń gbà nísinsìnyí. Tí èkejì bá ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ, ẹ ní kó pààrọ̀ bátìrì náà tàbí kó yọ owó rẹ̀ kúrò.

3. Ẹ pa á, ẹ tàn án, ẹ tẹ F1 kí ó tó wọ Windows. Tó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀, ẹ dìde níbẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni í tẹ́lẹ̀ ò tíì tú u sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n jí i gbé.

4. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe tò ó. Èyí tó bá ti Jámánì wá, Z ló máa wà níbi tí Y yẹ kó wà.

5. Ẹ ki okùn ṣájà bọ ihò USB-C méjèèjì, kí ẹ rí i pé méjèèjì ń gba iná.

6. Ẹ ṣí fídíò, ẹ jẹ́ kó lọ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí eruku ti dí fáànù rẹ̀ máa fọhùn.

7. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì ṣàdéhùn ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Ontajà tó bá kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún yín.

Ẹni tó bá ṣe méjèèje yìí ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nípa tòkunbọ̀.

Ẹ̀YIN Ẹ̀GBỌ́N WA, Ọ̀RỌ̀ KÀN YÍN

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston, Toronto àti ibi yòówù, ọ̀pọ̀ yín ló ń fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé. A dúpẹ́. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi Celeron ránṣẹ́ torí pé ó wà ní páálí, tí ẹ sì rí i ní ẹ̀dínwó. Ẹ wo ìdí iṣẹ́ yín. Àwọn láptọ́ọ̀pù tí iléeṣẹ́ yín ń kó dà sílẹ̀ láti fi tuntun rọ́pò, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń tà á fún òṣìṣẹ́. Ẹ rí i pé wọ́n ti yọ aṣínà wọn kúrò, ẹ ki ṣájà mọ́ ọn, kí ẹ fi ránṣẹ́. Èyí á ṣe wá láǹfààní ju ohun tó ń dán lọ. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò tó odindi ẹ̀rọ lè ra RAM 8GB kan. Ó kéré nínú àpò, ó sì lè gba akẹ́kọ̀ọ́ kan là.

Ẹ̀yin aṣojú kíláàsì, ẹ̀yin náà gbọ́. Tí ontajà bá tọ̀ yín wá pé òun fẹ́ ta láptọ́ọ̀pù fún gbogbo kíláàsì yín, tó sì fẹ́ fún yín ní nǹkan lẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni orúkọ ọpọlọ rẹ̀, ṣé RAM rẹ̀ ṣeé fi kún, ṣé SSD ni tàbí eMMC? Tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fi orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì yín tajà. Ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n, àwọn ló sì máa sanwó ohun tí ẹ jẹ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ bá ka ìwé yìí fún, ẹ má jẹ́ kójú tì yín pé tòkunbọ̀ lẹ rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò tí ẹ ń wọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba orí òkun dé. Ẹ ò wo ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan kí ẹ tó rà á. Ẹ ní kí mẹkáníìkì gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ná. Ọgbọ́n kan náà ni kí ẹ lò fún láptọ́ọ̀pù ọmọ yín.

Tí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, a ti ṣe tán. Kó gbé Celeron rẹ̀ tó tuntun wá, àwa náà á gbé T480 wa tí ara rẹ̀ ti há díẹ̀. Ká tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ká ṣí Word, ká ṣí Zoom, ká ṣí ojúewé Chrome mẹ́wàá, ká wá jókòó ká máa wò ó. Èyí tó bá kọ́kọ́ dákú nínú méjèèjì, kí ẹni tó ni í lọ sọ fún àwọn àbúrò wa bó ṣe rí.